Ohun Tí Fèrè Wí fún Wọn ní Ìsọlọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti bi mí títí: mo lọ mú ọmọ wá, mi ò mú un wá. Àwọn kan ní ìlú ńlá ló gba èmi náà lọ́kàn. Àwọn mìíràn ní mo ti dàgbà ju ẹni tí ń bá ọ̀dọ́ jiyàn. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ti rẹ̀ mí láti máa rò ó lẹ́nu ọ̀nà oko lójoojúmọ́ ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lè gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Túndé ni ọmọ náà. Fọlákẹ́, àbúrò tó tẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ìyá wa, ló bí i, òun nìkan ló sì bí. Ẹ mọ̀ pé ó kàwé, ó gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, ilé-ẹ̀kọ́ wa nílùú Ìkọ̀lé sì fi àyè sílẹ̀ dè é. Àmọ́ ó ti bá ọkọ̀ ìjọba tí ń fi àwòrán ìmọ́tótó han àwọn ará abúlé rìn jìnnà. Nígbà tó kúrò nídìí rẹ̀, kò wálé. Ó jókòó sí Ìsọlọ̀, ó ní òun ń ṣe sinimá tòun, sinimá apànìyàn tí yóò máa ba ènìyàn lẹ́rù. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni Fọlákẹ́ wá bá mi. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú un wálé kí wọ́n tó ṣílé-ẹ̀kọ́. Ẹ má fọwọ́ lásán padà."

Mo sì lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin

Ẹni tó bá ní òun sùn dáadáa lórí ìjókòó pákó inú ọkọ̀ ojú irin, ẹ má gbà á gbọ́. Ó pa ojú dé lásán ni. Láti Òṣogbo ni ọkùnrin kan ti gbé orí lé mi ní èjìká, kò sì gbé e kúrò títí a fi kọjá Abẹ́òkúta. Nígbà tó jí, ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," bí ẹni pé omi ni mo bù fún un mu. N kò mọ èsì tí wọ́n ń fún irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gba gbogbo ẹnu nínú ọkọ̀ ni àríyànjiyàn lórí ohun tí ọkọ̀ ń wí. Irin ń lu irin nísàlẹ̀ wa láìdákẹ́, ìyá kan tó ń lọ sí Ìfọ̀ sì ní "Jẹ́ n sinmi, jẹ́ n sinmi" ló ń wí. Ọkùnrin tó fi èjìká mi ṣe ìrọ̀rí ní rárá o, "Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀" ni. Ìyá náà bi í pé kí ló mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tó ti ń sùn láti Òṣogbo. Wọ́n ní kí èmi tíṣà dá a fún wọn. Mo ní ọkọ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Inú wọn kò dùn sí mi, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí kálukú fi sọ̀ níbi tó ń lọ.

Oṣòdì

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe níhìn-ín. Ẹ̀ ń sọ kiri pé mo lọ sí Èkó. N kò dé Èkó. Ẹni tó bá sọ̀ ní Oṣòdì kò tíì dé Èkó, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ rí nígbà tó bá padà délé. Àwọn ará ibẹ̀ gan-an, bí wọ́n bá ń lọ sí Ìdúmọ̀tà, "Mò ń lọ sí Èkó" ni wọ́n ń wí.

Ariwo ló kọ́kọ́ pàdé mi: fèrè ọkọ̀, àwọn tó ń polówó búrẹ́dì, àwọn tó ń pe ara wọn láti òdì kejì irin. Ní ìlú wa, ẹni tó bá kí ọ yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọ̀nà, yóò béèrè ewúrẹ́. Níbẹ̀, wọ́n ń kí ọ lójú ìrìn ni. Kí o tó dáhùn, ẹ̀yìn wọn lo máa rí. Mo kọ́kọ́ pè é ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá, mo rí i pé wọn kò fi ìkíni sílẹ̀ rárá. Ọkọ̀ ni wọn kò fẹ́ kó fi àwọn sílẹ̀.

Túndé ti ń dúró dè mí. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ẹrù àwọn èrò, wọ́n sì ń yà fún un láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀. Ó di àpótí mi mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn, èmi àgbàlagbà, ó sì gùn ún tipátipá gba inú oko gbágùúdá lọ sí Ìsọlọ̀. Ìdí dùn mí títí a fi dé, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ìsọlọ̀

Ìyá Sàlá ló ni ilé tí Túndé ń gbé. Ọmọ onílẹ̀ ni, mùsùlùmí ni, aṣọ ló ń tà, ohùn rẹ̀ sì lè dá ìjà dúró. Bí mo ti wọlé ló bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìbéèrè yìí ni ìkíni ti Ìsọlọ̀; bí ọ̀nà Oṣòdì ti ń sá fún ọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ilé Ìsọlọ̀ ń dì ọ́ mú tó. Àmọ́ ẹ̀bà ni, àti ẹja, àti ẹ̀bà. Gàrí wọn kan, ata wọn kò sì mọ àlejò. Mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́, mo sì ń ro iyán.

Ìyá Sàlá rí i lójú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè, bí ẹ ò bá tíì gún nǹkan nínú odó, ẹ ó ní ẹ ò tíì jẹun." Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń kọjá, wọn a ní, "Bàbá Tíṣà, odó ńkọ́?" Ará òkè ni mí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá Ìkọ̀lé ni tàbí Ìlọrin; òkè kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti wá lójú wọn. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nílùú rẹ̀, tó wá di ará òkè lásán, á mọ̀ pé ìrìn-àjò ti bẹ̀rẹ̀.

Mo jẹ́ iṣẹ́ Fọlákẹ́ fún Túndé. Kò jiyàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn wò ó ná. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, màá bá yín lọ." Mo ní ó dára. N kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ ẹ.

Ó ṣàlàyé ìbẹ̀rẹ̀ sinimá náà fún mi. Obìnrin kan sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Oṣòdì nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó gba ọ̀nà oko lọ sí Ìsọlọ̀, òun nìkan. Ọkùnrin kan ń tẹ̀ lé e. A kò rí ojú rẹ̀, a kò rí ju bàtà rẹ̀ lọ. Àwòrán náà kò ní ohùn. Ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tépù, ni yóò máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Túndé ní nínú sinimá àwọn òyìnbó, orin ló ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú apànìyàn. Àwòrán lè jẹ́ ti ilẹ̀kùn lásán. Bí orin bá ti wí pé kí o bẹ̀rù, wàá bẹ̀rù ilẹ̀kùn. Ó ní àmọ́ orin òyìnbó kò bá àwọn ará wa sọ nǹkan kan, nítorí náà òun ní kí ọ̀rẹ́ òun tó ń fun fèrè fun ohun tó nítumọ̀. Ohun tí fèrè yóò máa wí ni "Ikú ń bọ̀." Mo ní ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, mo sì rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Nínú gbọ̀ngàn

Ilé ìkó-obì-sí ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ wo sinimá náà tẹ́lẹ̀, òórùn ewé obì sì ṣì wà nínú ògiri. Alhájì kan ló ni ín, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ń fi sinimá Íńdíà han àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún Túndé pé bí wọ́n bá gba tirẹ̀, yóò máa wà níbẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀ títí Iléyá yóò fi kọjá. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni, wọ́n fi àpò bo fèrèsé, wọ́n ta aṣọ funfun síwájú fún àwòrán, ibẹ̀ sì kún.

Obìnrin náà sọ̀ nínú ọkọ̀. Ó wọ ọ̀nà oko. Fèrè dún.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní orin, ẹ fi ohùn yín gbé e wò: re, mi, mi, do. I-kú-ń-bọ̀. Orí mi wú. Fèrè tún un wí, obìnrin náà ń lọ, òjìji ti ń gùn lórí ilẹ̀. Nígbà náà ni ọkùnrin kan sọ ọ́ lẹ́yìn wa, kò pariwo, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka àkọlé:

"Iyán ń bọ̀."

Re, mi, mi, do. Kò yàtọ̀ rárá. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ, wọn kò sì lè má gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó rọra ń bọ̀ wá síwájú. Ọkùnrin náà tún ní, "Ọmọ Èkìtì ló ṣe é. Kí lẹ fẹ́ kí fèrè rẹ̀ wí?" Nígbà tí fèrè máa fi dún lẹ́ẹ̀kẹta, ìdajì àwọn ènìyàn ń bá a kọ ọ́. Ìyá Sàlá tó jókòó tì mí gbá mi nítan. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ fọwọ́. Tiyín ti ń bọ̀." Bàtà apànìyàn wá jáde nínú igbó, bàtà tí Túndé ti ń wá fún oṣù púpọ̀, ẹnì kan sì ní, "Ẹni tó gbé odó dé nìyẹn." Ó parí. Wọn kò bẹ̀rù nǹkan kan mọ́ títí sinimá fi tán, kódà nígbà tí obìnrin náà kú.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Etí Yorùbá kì í jẹ́ kí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kọjá láìfún wọn ní ọ̀rọ̀. Túndé mọ èyí. Òun ló fi kọ́lé. Ohun tí kò rò ni pé etí ló ń yan ọ̀rọ̀, kì í ṣe fèrè. Owó ń bọ̀, ọtí ń bọ̀, ikú ń bọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu fèrè. Èmi gbọ́ ikú nítorí pé wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Àwọn tí a kò sọ fún gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu wọn láti àárọ̀, èmi àlejò ni mo sì gbé e dé ẹnu wọn.

Alhájì pè wá lẹ́yìn náà. Kò fi Túndé ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun fẹ́ràn ọmọ náà, ṣùgbọ́n sinimá ẹ̀rù tí àwọn ènìyàn ń kọrin oúnjẹ sí, òun kò mọ ibi tí òun fẹ́ gbé e sí. Túndé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A délé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, Fọlákẹ́, mo ti rí ohun tí o rán mi wá gbà.

Ọ̀nà Oṣòdì

A gbéra láàárọ̀. Ìyá Sàlá kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó di ẹ̀kọ àti àkàrà fún wa, ó sì wọlé. Ẹrù ti pọ̀ jù lórí kẹ̀kẹ́, Túndé kò lè gùn ún, ó ń tì í ni. Ọ̀nà kò sì fẹ̀. Mo wà níwájú, ó wà lẹ́yìn.

Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ti lè sọ lọ. Orúnkún ń dùn mí, oòrùn ti ń gbóná, inú mi kò sì dùn bí inú ẹni tó rí ohun tó wá wá. Lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń dún: tẹ-tẹ-tẹ-tẹ. Ẹ mọ ohùn náà, ti kẹ̀kẹ́ tí a ń tì. Mo dúró láti yọ òkúta nínú bàtà mi; ohùn náà dákẹ́. Mo rìn, ó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé Túndé ni. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Síbẹ̀ ẹ̀yìn ọrùn mi ń tutù.

Mo ní, "Túndé, wá ohun kan ṣe sí kẹ̀kẹ́ yìí. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan ń ka ìṣísẹ̀ mi."

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà.

Ó ní, "Bàbá, kí ló ń wí?"

"Kí ni?"

"Kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ wo lẹ gbọ́ nínú rẹ̀?"

Ó tì í síwájú díẹ̀. Mo fetí sí i. Kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò síbi tí ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ kọ́ sí.

Mo ní, "Kò wí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́."

Ojú rẹ̀ là. Mo rí i tó là, mo sì rí i tó tún ṣú. Ó di kẹ̀kẹ́ mú. Ó ní, "Mo ti ṣèlérí fún yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

Mo rìn níwájú rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ohùn náà lẹ́yìn mi. A ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti Oṣòdì. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ yóò délé, ilé-ẹ̀kọ́ yóò rí tíṣà, àbúrò mi yóò rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo lè tú u sílẹ̀, nítorí èmi ló ṣèlérí fún. Mo dúró. Kẹ̀kẹ́ dúró.

Mo ní, "Yí i padà."

Jímọ̀

Èmi ni mo lọ bá Alhájì. Ó wò mí títí.

"Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ wá mú un lọ?"

"Èmi ni."

"Kí ló wá yí yín lọ́kàn padà?"

Mo ní Túndé ti kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣeré. Ó wá ní ó dára, kí Túndé fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan hàn ṣáájú sinimá Íńdíà. Bí wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín, kí àwa méjèèjì jọ máa lọ, kí a má sì tún bẹ òun mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti rí obìnrin náà tó sọ̀ nínú ọkọ̀, ẹnì kan ti ní, "Iyán dé o." Wọ́n ti ń múra ẹ̀rín. Fèrè kò dún. Wọ́n dúró dè é, kò dún. Obìnrin náà ń rìn lọ, mo sì mọ̀ bí wọ́n ti ń fetí wá ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀, láti ọ̀nà jíjìn: tẹ-tẹ-tẹ-tẹ. Obìnrin náà dúró. Ohùn náà dákẹ́. Obìnrin náà rìn. Tẹ-tẹ-tẹ-tẹ.

Ìyá Sàlá di apá aṣọ mi mú.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ yóò kọjá lára yín, yóò ní ẹ kú ìrìn. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́, ọ̀nà kan náà lẹ jọ ń lọ, ó yẹ kí ẹ jọ máa sọ̀rọ̀. Èyí wà lẹ́yìn obìnrin náà, kò gùn, kò yà, kò sì lahùn. Ọkùnrin tó sọ ọ̀rọ̀ iyán lọ́jọ́sí ló tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní:

"Kí ló dé tí kò kí i?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàtà náà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, bí Túndé ti tún un yà kí Jímọ̀ tó dé, aṣọ funfun sì ṣú, nítorí ibẹ̀ ni Alhájì ní kí ó dé. Wọ́n fẹ́ gbé sinimá Íńdíà sí i, àwọn ènìyàn kò gbà. Wọ́n ní àwọn kò dìde, àwọn kò sì wo orin ẹnikẹ́ni, àyàfi kí wọ́n fi ìyókù hàn wọ́n. Alhájì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí. Ó wá tọ̀ mí wá.

Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Tíṣà. Ẹ̀yin nìkan."

Ilé

N kò ní sọ ti ọ̀nà àbọ̀. Ó gùn, mo sì dá nìkan rìn ín.

Fọlákẹ́ ń pa ẹ̀gúsí níwájú ilé nígbà tí mo dé. Ó dìde, ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún jókòó. Ó kí mi kú àbọ̀, ó sì ń bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti kọ ọ́ síbí yìí, fèrè, ẹ̀rín, ọ̀nà Oṣòdì, àti bó ṣe jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo ní kó padà. Mo ní bó bá fẹ́ bínú, èmi ni kó bínú sí. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè náà nílé-ẹ̀kọ́, nítorí n kò fẹ́ kó gbọ́ ọ níta.

Kò gbójú sókè. Ó ń pa ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló ń ti kẹ̀kẹ́ náà?"

Mo ní Túndé ní n kò gbọdọ̀ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni ìyá rẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ gan-an ló ní n má sọ fún."

Ó wò mí, ó wo ọ̀nà. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó wá bi mí ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn gbéra nílé, bí onítọ̀hún bá fẹ́ bá Jímọ̀ ní Ìsọlọ̀.